Gbígbé Bologna Gẹ́gẹ́ Bí Akẹ́kọ̀ọ́: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Ọdún kejì mi rèé ní Bologna, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì lórí ìmọ̀ oúnjẹ. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Èkó pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ibẹ̀ yẹn ṣe rí gan-an?" Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí. Mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo rẹ̀ síbì kan, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kà kó tó di ẹrù. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ, torí náà Bologna ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ìdánwò àti ilé gbígbà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní Padova, Torino tàbí Róòmù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Bologna lẹ yàn?

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wà níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìrànwọ́ owó sì wà. Yàtọ̀ síyẹn, ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni látayébáyé. Ọdún 1088 ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì ibẹ̀, òun ni wọ́n sì mọ̀ sí àgbà gbogbo yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ má retí ọgbà ńlá tó ní géètì bíi ti UI tàbí OAU. Àárín ìlú ni kíláàsì wà. Bí ẹ bá jáde ní kíláàsì ní Via Zamboni, àárín àwọn tó ń ra búrẹ́dì, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń mu kófì lẹ bọ́ sí yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìlú náà ni àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó tí wọ́n ń pè ní portici. Iwájú ilé kan wọ iwájú ilé kejì, àpapọ̀ wọn tó kìlómítà 62, UNESCO sì fi wọ́n kún ohun ìní àgbáyé lọ́dún 2021. Kí òjò máa rọ̀, kí yìnyín máa bọ́, mo lè rìn láti ilé dé kíláàsì kí omi má kán sí mi lórí. Ẹni tó dàgbà sí agbo ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á mọ adùn rẹ̀.

Bàálù ti bà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìwé ìgbélùú ni o. Ẹ fi fọ́tò yíyà sílẹ̀ ná. Físà tí ẹ gbé wá kò tó. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ péré ni òfin fún yín láti béèrè fún permesso di soggiorno, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní káńtà tí wọ́n ń pè ní Sportello Amico, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní "kit". Àpòòwé ńlá kan ni, fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Bírò dúdú ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù, físà, lẹ́tà ìgbaniwọlé, ẹ̀rí owó àti inṣọ́ránsì ìlera sínú rẹ̀, kí ẹ wá lọ ra marca da bollo, sítáǹbù 16 yúrò, ní ṣọ́ọ̀bù tó ní àmì T lókè. Tí ẹ bá ro gbogbo owó tó wà níbẹ̀ pọ̀, ó ju 100 yúrò lọ, nítorí náà ẹ ti ya á sọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé tèmi dáadáa nílé, mo sì gbé e lọ. Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà wò ó, ó wò mí, ó mú sáàsì, ó gé ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé wò níkọ̀ọ̀kan. Ṣíṣí ni kí ẹ gbé e lọ. Níbẹ̀ náà ni wọ́n á ti fún yín ní ọjọ́ tí ẹ máa lọ tẹ̀ka ní questura, ìyẹn ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò, pẹ̀lú rìsíìtì kan tí wọ́n ń pè ní ricevuta. Ẹ di rìsíìtì yẹn mú bí ẹyin! Títí káàdì á fi jáde, òun ni ẹ̀rí pé ẹ ò sá wọ̀lú. Káàdì tèmi gba oṣù márùn-ún. Láàárín àsìkò yẹn, ẹ má fi rìsíìtì nìkan gbéra lọ kí ẹ̀gbọ́n yín ní Faransé tàbí Jámánì, kò gbé yín kọjá ibodè. Nígbà tó bá sì yá tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú kó tó parí.

Kí ni codice fiscale tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ?

Nọ́mbà owó orí yín ni, àmọ́ wọn kì í fi gba owó orí nìkan. Láìsí i, kò sí káàdì fóònù, kò sí ìwé ilé, kò sí báńkì. Ọ̀fẹ́ ni, ilé iṣẹ́ Agenzia delle Entrate ló ń ṣe é. Lẹ́tà àti nọ́mbà 16 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fà á yọ látinú orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ibi tí wọ́n ti bí yín. Gbogbo àwa tí wọ́n bí ní Nàìjíríà la ní Z335 nínú tiwa. Bí ẹ bá sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á fi 40 kún ọjọ́ ìbí yín: ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ 12 á rí 52. Ẹ má bẹ̀rù, wọn ò ṣàṣìṣe.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni orúkọ. Ẹ wo orúkọ bàbá yín àti orúkọ tiyín dáadáa kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì náà. Bí "Olúwaṣeun" bá di "Oluwaseum" lórí ìwé kan ṣoṣo, ìwé tó kù kò ní bá a mu mọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa máa rìn káàkiri láti tún un ṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ wọn?

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ní yunifásítì ìjọba, bí owó tó ń wọlé fún ìdílé yín bá ṣe rí ni wọ́n fi ń díye lé e. Ìwé tó ń sọ èyí ni ISEE parificato, ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní CAF ló sì ń ṣírò rẹ̀. Wọ́n á béèrè iye tí bàbá àti ìyá yín ń gbà, iye èèyàn tó wà nínú ìdílé, àti ilé tí ẹ bá ní, títí kan ìwọ̀n rẹ̀. Gbogbo ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti gba òǹtẹ̀ nílé, kí wọ́n sì túmọ̀ wọn sí èdè Ítálì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kiri ní oṣù mélòó kan ṣáájú kí ẹ tó wọ bàálù, torí ẹ̀yin náà mọ bí ìwé ṣe máa ń pẹ́ ní Àbújá.

ISEE yìí kan náà ni wọ́n fi ń gba sikọ́láṣípù ẹkùn. Ní ẹkùn Emilia-Romagna tí Bologna wà, ER.GO ló ń bójú tó o. Ní Piemonte, níbi tí Torino wà, EDISU ni. Tó bá bọ́ sí i fún yín, owó wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ilé náà lè wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ìlérí tó ní iṣẹ́ nínú ni. Ó ní iye yúníìtì ẹ̀kọ́, ìyẹn CFU, tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní gbọ́dọ̀ kó jọ kó tó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Ẹni tí kò bá pé lè pàdánù ìyókù owó náà, wọ́n sì lè ní kó dá èyí tó ti ná padà. Bẹ́ẹ̀, owó àkọ́kọ́ kì í wọlé lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ẹ kó ohun tí ẹ máa jẹ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin dání.

Báwo ni mo ṣe máa rí ilé?

Èyí ló nira jù. Mi ò ní tàn yín. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju yàrá lọ, àwọn onílé sì mọ̀. Yàrá tí èèyàn á dá gbé ní Bologna lè gba 500 yúrò lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gba posto letto, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá ẹlẹ́ni méjì. Mílàn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọmọ Ítálì fúnra wọn pàgọ́ síwájú Politecnico, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀, wọ́n sùn síta nítorí owó ilé. Tí ọmọ onílẹ̀ bá sùn síta, kí ni àlejò fẹ́ wí?

Kí n tó gúnlẹ̀, ọkùnrin kan fi fọ́tò yàrá kan ránṣẹ́ sí mi: fèrèsé ńlá, tábìlì ìkàwé, aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ó ní òun ò sí nílùú, pé kí n san 250 yúrò kí òun lè bá mi dì í mú. Mo san án. Nígbà tí mo dé àdírẹ́sì náà pẹ̀lú àpótí méjì, ilé ìtajà oògùn ló wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń tajà nínú rẹ̀ gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń gbé àpótí wá béèrè yàrá yẹn lọ́wọ́ òun. Mi ò rí owó yẹn gbà títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má sanwó ilé tí ojú yín tàbí ojú ẹni tí ẹ mọ̀ ò tíì rí. Ẹ gba ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé àlejò tàbí lọ́dọ̀ ará ìlú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wá ilé. Owó ìdánilójú, caparra, kò gbọdọ̀ ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Kí ẹ sì rí i pé wọ́n fi orúkọ ìwé ilé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Onílé tó bá ní ẹ má wulẹ̀ ṣèwé, owó orí ló ń sá fún, ẹ̀yin ni kò sì ní ní ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè.

Ṣé iná kì í lọ níbẹ̀?

Wọn kì í mú un lọ, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lè mú un lọ. Kìlówáàtì mẹ́ta ni mítà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lè gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí a jọ ń gbé ń yan ẹran nínú ófùn, èmi náà wá ti kẹ́tù bọná kí n fi rí omi tẹ ẹ̀bà. Pàù! Òkùnkùn ṣú bo gbogbo wa. Ẹnu mi ló yá ju mi lọ, mo kígbe "NEPA!", àwọn ọmọ Ítálì méjì tí a jọ ń gbé ń wò mí. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ni mítà wà. A sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin pẹ̀lú iná fóònù, a gbé bọ́tìnnì rẹ̀ sókè. Láti ọjọ́ náà la ti kọ ọ́ mọ́ ara fíríìjì: ófùn, ìfọṣọ, kẹ́tù, ẹ yan méjì.

Òtútù ńkọ́?

Òtútù wà, kùrukùru sì wà, irú èyí tí ẹ ò ní rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú títí á fi kù díẹ̀ kó kọlù yín. Ní Bologna, òfin ló sọ ìgbà tí wọ́n lè tan ẹ̀rọ amúlégbóná: láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 14 lójúmọ́. Ìyẹn ni pé òtútù lè mú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá kí ògiri sì tutù rinrin. Ẹ má ra kóòtù ní Èkó. Ẹ dé ibí kí ẹ rà á lọ́jà okrika wọn, ó dára, ó sì pọ̀.

Báwo ni ìdánwò wọn ṣe rí?

Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí ló máa ń ya àwa ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu jù, torí bírò àti ìwé la mọ̀. Ẹ jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tó kù jókòó sẹ́yìn yín, gbogbo wọn ń gbọ́. Ó bi yín ní ìbéèrè, ẹ dáhùn, ó tún bi yín. Nọ́mbà 18 ni ẹni tó yege fi ń bẹ̀rẹ̀, 30 ló ga jù. Ẹni tó bá tún ta yọ á gba 30 e lode, ìyẹn 30 pẹ̀lú oríyìn.

Ìdánwò mi àkọ́kọ́ dá lórí bí kòkòrò àìfojúrí ṣe ń mú kí oúnjẹ di kíkan. Mo mọ̀ ọ́n. Mo tilẹ̀ fi ogì àti irú ṣe àpẹẹrẹ, inú ọ̀jọ̀gbọ́n dùn, ó ní kí n ṣàlàyé bí ìyá mi ṣe ń rẹ àgbàdo. Ìgbà tó padà sórí ìwé, ẹ̀rù bà mí, ọ̀rọ̀ há mọ́ mi lẹ́nu níbi ìbéèrè kejì. Ó ní, "22. Ṣé o gbà á?" Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo gbà á. Ọmọ Ítálì tó tẹ̀lé mi gba 26, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní rárá, òun á padà wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò burú, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìyẹn. Nílé, ta ló máa sọ fún olùkọ́ pé òun ò fẹ́ máàkì tó fún òun? Ìwà àfojúdi ni. Níbí, ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n máa ń ṣe ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún, appello ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, kí ẹ padà lọ kàwé. 22 yẹn ṣì wà nínú èsì mi.

Àwọn nǹkan kéékèèké: 120 CFU ni oyè kejì, ọdún méjì, 180 ni ti oyè àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta. CFU kan jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25, àti ti kíláàsì àti èyí tí ẹ fi dá kàwé. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́sàn-án ni kíláàsì, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15 ló máa bẹ̀rẹ̀, àṣà yunifásítì ni. Ẹ má fi ìyẹn lọ sí ọ́fíìsì o.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Ṣé mo tún ní láti kọ́ èdè Ítálì?

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì á gbé yín dé kíláàsì, ibẹ̀ ló mọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́, onílé, dókítà, ẹni tó ń ta tòmátò, èdè Ítálì ni gbogbo wọn ń sọ. Mo mọ ẹnì kan tó lo ọdún méjì níbí láìmọ̀ ju "ciao" lọ. Inú yàrá ló gbé, fóònù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ Yorùbá ni ìlú yìí ì bá yá lára jù.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Fáwẹ́lì méje tí a ní, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, àwọn náà gan-an ni èdè Ítálì ní. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì inú kíláàsì wa ń làágùn kí wọ́n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín e àti ẹ. A ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Pesca tí a bá fi ẹ pè jẹ́ èso kan tó ń dùn. Tí a bá fi e pè é, ẹja pípa ni. Botte tó ní o jẹ́ àgbá wáìnì, èyí tó ní ọ jẹ́ lílù. Ibi tí ẹ ti máa ṣọ́ra ni kọ́ńsónáǹtì méjì tó tẹ̀lé ara wọn, torí a ò ní irú rẹ̀. Ẹ dúró lórí n inú anno, ọdún nìyẹn. Bí ẹ bá sáré kọjá, ihò ìdí lẹ dárúkọ.

Ẹ tún wo ọ̀wọ̀. Tu ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́, Lei ni wọ́n ń pe àgbà, ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, bí a ṣe ń lo "o" àti "ẹ" gẹ́lẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa pe àgbàlagbà ní tu. Ẹnu tiwa ò tilẹ̀ gbà á.

Ìkíni wá ni ọba gbogbo rẹ̀. Mo rò pé àwa nìkan la máa ń kí èèyàn sí gbogbo nǹkan, àfi ìgbà tí mo débí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, buon lavoro: ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, bentornato: ẹ kú àbọ̀. Ẹ kí kí ẹ tó béèrè ọjà, buongiorno lákọ̀ọ́kọ́. Ìyá àgbà kan ń gbé ní àjà kejì ilé wa, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kan mo bá a gbé àpò ọjà rẹ̀ gòkè, ó ní kí n wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní "Permesso?", ìyẹn "Àgò o". Ó yí padà, ojú rẹ̀ tàn, ó ní "Avanti, avanti!" Àgò yà. Ó ní àwọn ọmọ ọmọ òun kì í sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò: láti ọjọ́ yẹn, kò sí Kérésìmesì tí abọ́ tortellini olómi ẹran rẹ̀ ò ní dé ẹnu ọ̀nà mi, aṣọ funfun á sì wà lórí rẹ̀.

Ilé èdè yunifásítì máa ń kọ́ni, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní CPIA náà ń kọ́ àlejò lówó pọ́ọ́kú. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ni mo máa máa jẹ?

Mensa ni ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, kò wọ́n, ó sì ń yóni. Pasta ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹran tàbí ẹja á tó dé. Ẹ má jẹ ti àkọ́kọ́ ní àjẹyó. Ẹ má béèrè "spaghetti bolognese" ní Bologna, tagliatelle ni wọ́n ń fi jẹ ragù, ọbẹ̀ ẹran wọn. Kófì, ìdúró ni wọ́n ń mu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu. Ẹ jẹun ọ̀sán kí aago méjì àbọ̀ tó lù, torí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á tilẹ̀kùn títí di alẹ́.

Tí oúnjẹ ilé bá ń wù yín, ẹ lọ sí Bolognina, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè. Iṣu, gàrí, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ẹ ó rí wọn lọ́dọ̀ àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà tó ń tajà níbẹ̀. Ní Torino, ọjà Porta Palazzo ni. Tí owó ò bá tó, ẹ ra semolino ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ rò ó bíi sẹ̀mó, kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Spinaci á ṣe ẹ̀fọ́ rírò. Irú ni kí ẹ fi ọgbọ́n lò: inú ike tó ní ìdérí, nínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì ṣí fèrèsé tí ẹ bá ń sè é. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé ṣáájú. Wàràkàṣì àwọn náà ń rùn, wọ́n á gbọ́ yé.

Ṣé mo lè ṣiṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, wákàtí 20 lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 1,040 lọ lọ́dún. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ wákàtí 150 fún akẹ́kọ̀ọ́, ní ilé ìkàwé tàbí ọ́fíìsì. Ẹ wá a. Ẹni tó bá ní òun á gbà yín síṣẹ́ in nero, láìsí ìwé, bó bá fi owó yín jẹ kò sí ibi tí ẹ máa gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ tí ẹ̀rí á wà lọ́wọ́ yín.

Bí ara mi ò bá yá ńkọ́?

Láti ọdún 2024, 700 yúrò lọ́dún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san tó bá fẹ́ wọ ètò ìlera ìjọba. Ọ̀pọ̀ wa ń lo inṣọ́ránsì aládàáni torí ó dínwó púpọ̀, àmọ́ ẹni tó ní àrùn tó nílò ìtọ́jú lóòrèkóòrè, kó san ti ìjọba, á ní dókítà tirẹ̀. Orí fífọ́ lásán, ẹ wá àgbélébùú aláwọ̀ ewé tó ń tàn, àmì ilé ìtajà oògùn nìyẹn, kí ẹ béèrè Tachipirina, parasitamọ́ọ̀lù ni. Ní pàjáwìrì, 112.

Wíwọ ọkọ̀ ńkọ́?

Tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, ẹ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó máa lù ú lóǹtẹ̀ kí rélùwéè tó gbéra tàbí bí ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lù dà bí àìní tíkẹ́ẹ̀tì, owó ìtanràn rẹ̀ sì máa ń dunni.

Ṣé wọ́n máa ń fi ojú burúkú wo aláwọ̀ dúdú?

Àwọn kan ń ṣe é. Mo ti rí i kí àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo nínú bọ́ọ̀sì tó kún. Onílé ti sọ fún mi pé yàrá ṣì wà kí ó tó gbọ́ orúkọ mi, ó sì ti tán lẹ́yìn tó gbọ́ ọ. Ó máa ń dunni, kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń mọ́ lára. Àmọ́ obìnrin tó gbé àga àti omi fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ ìlú kan náà ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ. Ará Ẹdó ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì, ìyà sì ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó débí, ní aginjù, ní Líbíà, lórí òkun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan máa ń yára sọ pé, "Èmi kì í ṣe irú àwọn yẹn o, Yorùbá ni mí, físà ni mo gbà wá." Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Àǹtí Ẹdó kan tó ń dirun ní Bolognina ló fún mi ní bùláńkẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kọkànlá ọdún àkọ́kọ́ mi, òun ló mú mi lọ sí CAF, òun ló ń túmọ̀ fún mi. Pijin la fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ kí wọn, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n mọ ìlú yìí jù wá lọ.

Ìyá kan béèrè pé: "Ọmọ mi kò dá wà rí. Ṣé kò ní sọnù sọ́dọ̀ wọn?"

Ẹ kú ọkàn ọmọ, mà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, pàápàá oṣù Kọkànlá àti Kejìlá tí ilẹ̀ ń ṣú ní bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa pè é. Nígbà òtútù, aago yín àti aago wa dọ́gba. Nígbà ooru, a fi wákàtí kan ṣáájú yín. Ìyá mi máa ń gbé fóònù ti ògiri ilé ìdáná bí ó bá ń se oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, tèmi náà á wà létí ààrò mi níbí, a ò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn máa ń gbọ́ bí ó ṣe ń ta ata sínú epo. Ẹ bá a ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ má sì jẹ́ kí ó dá wà ní oṣù Kẹjọ: ní àyíká ọjọ́ 15, Ferragosto, gbogbo ìlú á tilẹ̀kùn lọ sétí òkun, ẹni tí kò lẹ́ni á mọ̀ ọ́n lára.

Ṣé òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í gun ilé-ìṣọ́ Asinelli?

Òótọ́ ni. Ilé-ìṣọ́ méjì ló wà láàárín ìlú, Asinelli àti Garisenda. Garisenda ti dagun gan-an débi pé wọ́n ti dí àyíká rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Àkàbà 498 ni Asinelli ní, wọ́n sì ní akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gùn ún kó tó gboyè kò ní gboyè mọ́. Èèwọ̀ ni, àwa náà sì mọ ohun tí à ń pè ní èèwọ̀.

Lọ́jọ́ ìgboyè, wọ́n á fi ewé alloro hun adé, wọ́n á gbé e lé ẹni náà lórí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa kọrin "Dottore! Dottore!" tẹ̀lé e káàkiri ìgboro. Ti àǹtí kan láti Abẹ́òkúta ni mo rí lóṣù Kẹta tó kọjá: adé ewé lórí gèlè àdìrẹ, àwọn ọmọ Ítálì ń ná an lówó bí a ṣe kọ́ wọn, yúrò márùn-ún márùn-ún níwájú orí. Ẹnu ọ̀nà Via Zamboni ni àwọn ilé-ìṣọ́ náà wà, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láràárọ̀. Mi ò tíì gùn ún. Ó ku ìdánwò mẹ́ta àti ìwé àpilẹ̀kọ.